Ẹ Yọ Ti Ológbò Kí Àlùbọ́sà Tó Wọ Ìkòkò: Bí A Ṣe Ń Bọ́ Ológbò Tó Ń Yan Oúnjẹ

Ọjọ́ Ojúde Ọba, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá, ni Àbẹ̀kẹ́, ológbò mi, kọ oúnjẹ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìbọn ń dún, ìlù ń dún, àwọn ìdílé Balógun ń kọjá lórí ẹṣin, àlejò sì kún ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde dé ẹnu ọ̀nà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà láti òwúrọ̀. Mo gbé oúnjẹ gbígbẹ oníkóró tí à ń rà lọ́jà, èyí tó máa ń jẹ, tọ̀ ọ́ lọ; ó fi imú kàn án, ó yíjú sí ògiri. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò fẹnu kan nǹkan kan. Màmá mi ní kí n fi í sílẹ̀. "Ebi ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n," wọ́n ní. "Bí ebi bá pa á dáadáa, yóò jẹ ẹ́."

Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ajá nílé bàbá wọn nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì lè bá ajá mu. Ológbò yàtọ̀. Bí ológbò bá pa ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìjẹun, pàápàá èyí tó sanra, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá tó ti fi pamọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀ kó lè fi ṣe agbára. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè gbé ọ̀rá tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá á dí i pa, ojú àti inú etí ẹranko náà á pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, bí a kò bá sì tètè wá ìtọ́jú fún un, ó lè kú. Nítorí náà, ẹ má ṣe bá ológbò fi ebi jà. Òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbà.

Ní ọjọ́ kejì, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìkókoré tí a sè fún àlejò wà nílẹ̀, epo ń dán lójú rẹ̀, ẹja kíká wà nínú rẹ̀ dáadáa. Mo ṣa ẹja náà sínú àwo, mo bu díẹ̀ nínú ìkókoré lé e. Àbẹ̀kẹ́ jẹ ẹ́ tán, ó lá àwo. Inú mi dùn débi pé mo tún bù fún un ní alẹ́, mo sì tún bù fún un ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo rí i pé ó ń mí lókè lókè níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Mo ṣí ètè rẹ̀: èrìgì rẹ̀ tó máa ń pọ́n ti funfun bí ẹfun. Ìtọ̀ tó tọ̀ sórí iyanrìn sì pupa bí omi sóbò. Dókítà ẹranko tí mo sáré gbé e lọ bá wo ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bi mí pé, "Ṣé oúnjẹ tí ẹ fún un ní àlùbọ́sà nínú?"

Ó yè é, ṣùgbọ́n ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó lè fò sórí fèrèsé bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni òfin kan ti wà nínú kíṣìnnì wa, òfin náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú lọ sílé: ti ológbò ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí àlùbọ́sà, iyọ̀, ata àti mágí tó wọ ìkòkò. Bí a ṣe ń ṣe é ló tẹ̀lé e yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ṣé ó ń yan oúnjẹ ni, àbí ara rẹ̀ kò yá?

Kí ẹ tó sáré lọ ra adìẹ, ẹ jókòó ti ológbò náà. Ẹ rọra gbé ètè rẹ̀ sókè. Bí eyín kan bá ti dúdú, tí èrìgì wú, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ tàbí tí ẹnu rẹ̀ ń rùn burúkú, ẹnu ló ń dùn ún. Irú ológbò bẹ́ẹ̀ á sáré wá sídìí àwo, á fẹ́ jẹ ẹ́, á sì tún fà sẹ́yìn. Ẹ wo imú rẹ̀ pẹ̀lú. Ológbò tí kẹ́tà dí nímú kì í jẹun, nítorí imú ló fi ń mọ̀ pé oúnjẹ ni ohun tó wà níwájú òun. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ bóyá aràn wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn ará ilé kejì. Mo mọ ilé kan ní àdúgbò wa tí wọ́n ń sunkún pé músù àwọn kò jẹun mọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń sanra sí i. Ọ̀dọ̀ ìyá tó ń yan ẹja ní ìkóríta ló ti ń jẹ àárọ̀ àti ọ̀sán.

Nígbà mìíràn, àwo ni ó ń kọ̀, kì í ṣe oúnjẹ. Ike máa ń gbé òórùn ọṣẹ àti ọ̀rá àtijọ́ dúró. Àwo tánganran tàbí irin tó tẹ́jú sàn jù ú lọ. Bí àwo náà bá wà nítòsí iyanrìn tó ń yàgbẹ́ sí, ẹ gbé e kúrò. Ariwo náà ń lé ológbò kúrò nídìí oúnjẹ, bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Yàrá kan tí àlejò kì í wọ̀ ni kí ẹ gbé oúnjẹ àti omi rẹ̀ sí lásìkò ọdún.

Àkókò tí a lè fi dúró kò pọ̀. Ológbò àgbà tí kò bá jẹ ohunkóhun fún wákàtí 24, ẹ pe dókítà ẹranko. Bó bá ti ń lọ sí wákàtí 48, ẹ má pè mọ́, ẹ gbé e lọ. Ọmọ ológbò kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 12. Bí èébì, ìgbẹ́ gbuuru, mímí lókè lókè tàbí èrìgì funfun bá wà níbẹ̀, tàbí tí akọ bá ń lọ sídìí iyanrìn léraléra tí ìtọ̀ kò jáde, ẹ má ka wákàtí kankan rárá, ẹ dìde. Àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò jìnnà jù sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn FUNAAB ní Abẹ́òkúta, tàbí ti Yunifásítì Ìbàdàn, bí kò bá sí dókítà ẹranko nítòsí yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu rẹ̀

Àlùbọ́sà ni olórí wọn. Èròjà kan wà nínú àlùbọ́sà àti aáyù tó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ológbò jẹ́, kò sì yàtọ̀, bóyá a sè é, a dín in, a sá a gbẹ tàbí a lọ̀ ọ́ kúnná. Gíráàmù 5 péré fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ológbò ti tó láti ṣe é léṣe. Ológbò kílò 4 nìyẹn, gíráàmù 20, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin àlùbọ́sà kan tó mọ níwọ̀n. Ibi tí ewu náà fara pa mọ́ sí ló yẹ ká máa wò: àlùbọ́sà tàbí aáyù wà nínú ọ̀pọ̀ mágí, nínú ẹ̀lọ̀ tó wà nínú ọ̀rá indómì, nínú àwọn ohun tí wọ́n fi ń pa sùyá lára. Ìdí nìyí tí ṣíṣan ẹran ọbẹ̀ lómi kò fi tó. Ohun tó ti wọ inú ẹran ti wọ̀ ọ́.

Egungun tí a ti sè máa ń là ṣọnṣọ, ó sì lè gún ọ̀fun tàbí ìfun. Ẹyin tútù àti ẹran tútù lè gbé àrùn wá. Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí ti adìẹ dáadáa: adìẹ tó bá kú fúnra rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ sí ológbò, bó ti wù kó rí. Àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu, tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2006, máa ń ran ológbò, ó sì máa ń pa á. Ẹ sin adìẹ náà.

Kókò àti ohun mímu tí a fi kókò ṣe kò dára fún un, obì náà kò dára. Àwa tí a ń gbé láàárín oko kókò, tí obì sì ń kún àpò níwájú ilé ní Ṣágámù, ká má fi í síbi tí ọmọ ológbò ti lè máa fi ṣeré. Mílíìkì kì í ṣe oúnjẹ ológbò àgbà; inú ọ̀pọ̀ wọn kò lè gbà á, ìgbẹ́ gbuuru ló ń dà. Oúnjẹ ajá kò ní ohun tí ológbò nílò, kó má baà di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má fún un ní parasitámò. Ẹyọ kan ṣoṣo lè pa ológbò. Bí ẹ bá sì fura pé ó jẹ èkúté tó ti jẹ oògùn, ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lọ́fun bí a ṣe máa ń ṣe. Ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì mú ọ̀rá oògùn èkúté náà dání.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ sè é fún un

Ẹran ni ológbò ń jẹ. Ajá lè jẹ ẹ̀bà, kó sì ṣe ara rẹ̀ lóore. Ológbò tí a fi gàrí Ìjẹ̀bú àti omi ọbẹ̀ bọ́ máa yó lásán ni, ara rẹ̀ kò rí nǹkan mú níbẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ adùn ṣúgà, ahọ́n rẹ̀ kò ní ohun tí a fi ń tọ́ ọ wò. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní taurine, inú ẹran àti ẹja nìkan ni ológbò ti lè rí i tó. Ní ọdún 1987 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Davis fi hàn pé àìtó rẹ̀ ló ń mú kí ọkàn àwọn ológbò kan wú, kó sì rọ. Àìtó rẹ̀ náà máa ń fọ́ ojú ológbò. Ọkàn adìẹ àti ẹran itan adìẹ ní in lọ́pọ̀ ju igẹ̀ lọ. Bí a bá ń se ẹran, taurine yìí máa ń jáde sínú omi. Nítorí náà, omi ẹran kò ṣeé dànù. Ẹ dà á padà sórí oúnjẹ rẹ̀.

Èyí tí mo máa ń sè fún Àbẹ̀kẹ́, tó jẹ́ kílò 4, tó sì ń tó o bíi ọjọ́ mẹ́ta, nìyí:

Ẹran itan adìẹ tí a ti yọ awọ àti egungun rẹ̀, gíráàmù 350.
Ọkàn adìẹ, bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá.
Ẹ̀dọ̀ adìẹ, èyí tó tó orí àtàǹpàkò àgbàlagbà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ẹyin kan.
Èèpo ẹyin tí a lọ̀ kúnná, àbọ̀ ṣíbí ìpotíì.

Èèpo ẹyin yẹn kì í ṣe àṣejù. Ẹran lásán kò ní kálísíọ́mù tó, bẹ́ẹ̀ ni a ti yọ egungun dànù. Ẹ fọ èèpo náà, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yan án gbẹ nínú páànù, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná bí èlùbọ́. Ẹ fi ìka méjì ra á wò. Bó bá ṣì ń gún yín lọ́wọ́, kò tíì kúnná.

Ẹ gé ẹran, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ sí wẹ́wẹ́, bíi ìwọ̀n èékánná. Ẹ da omi sí i, kó kàn bo ẹran. Ẹ má fi iyọ̀ sí i. Lórí iná tí kò le púpọ̀, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ti tó; kí ibi tó pupa nínú ẹran ti tán. Ẹ se ẹyin lọ́tọ̀ títí yóò fi le, ẹ rún un mọ́ ọn, ẹ da èèpo ẹyin kíkúnná sí i, ẹ fi omi ẹran rẹ̀ pò ó títí yóò fi rọ̀. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́fà: ọ̀kan lówùúrọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ọmọ ológbò nílò kí a pín tirẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kó sì jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí iná ọba bá ṣeé gbára lé, oúnjẹ yìí lè lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fìríìjì. Ní ilé tí iná máa ń lọ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ dín gbogbo rẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ máa sè é lójoojúmọ́. Ẹran tó ti yọ́ tó tún dì lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe oúnjẹ, bí kò tiẹ̀ tíì rùn sí yín nímú.

A lè fi ẹran tọ̀lọ̀tọ̀lọ̀, ẹran màlúù tàbí ti àgbò rọ́pò adìẹ. Nígbà Iléyá, kí wọ́n tó fi iyọ̀ pa ẹran, ẹ bu díẹ̀ nínú ọkàn àgbò náà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí pé ológbò fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun gbogbo lọ: fítámì A tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ gan-an, bó bá sì di ojoojúmọ́, á máa ba egungun ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Edé tútù tí a sè, tí a bó, dára bí adùn ẹnu. Ìrẹsì ṣíbí kan kò pa á lára. Kò nílò rẹ̀ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nínú ilé tí ènìyàn pọ̀, iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo èyí ni ti àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n á dé láti Èkó, á ju ẹran ọbẹ̀ sílẹ̀. Ọmọdé á fún un ní sùyá nítorí ìfẹ́. Mo ra ìkòkò kékeré kan, mo fi ọ̀dà pupa kùn ún létí, gbogbo ilé mọ̀ pé ti Àbẹ̀kẹ́ ni. Ní òní, bí màmá mi bá fẹ́ se ìkókoré, tí wọ́n ti há ewùrà tán, wọn kò ní í mú ọ̀bẹ kí wọ́n tó pè mí: "Wá yọ ẹja ti Àbẹ̀kẹ́ o, mo fẹ́ gé àlùbọ́sà."

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọ̀rọ̀ ẹja

Gbogbo wa la gbà pé ẹja ni oúnjẹ ológbò. Ẹja tútù ń wọlé láti Ẹ̀pẹ́ àti láti ìhà etí odò, ìyá ẹlẹ́ja sì máa ń fún ni ní orí ẹja lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá tí mo ń rà lọ́wọ́ wọn ní Òkè-Ajé kì í tilẹ̀ dúró kí n béèrè. "Ti músù yín rèé, ọmọ mi," wọ́n á ní, wọ́n á sì ti di orí Titus mẹ́rin sínú ọ̀rá. Mo máa ń kí wọn, mo máa ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń fún Àbẹ̀kẹ́ ní ẹja.

Ìdí rẹ̀ pọ̀. Ẹja tútù kan wà tí èròjà inú wọn máa ń ba fítámì B1 jẹ́. Ológbò tó ń jẹ wọ́n ní tútù lójoojúmọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí gìrì sì mú un. Iná ló ń pa èròjà náà, nítorí náà ẹ máa se ẹja. Ẹja ọlọ́ràá bíi Titus, bó bá di oúnjẹ kan ṣoṣo, máa ń jẹ́ kí fítámì E tán lára rẹ̀, ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ á wú, á máa dùn ún bí a bá fọwọ́ kàn án. Èyí tó kẹ́yìn ni pé ẹja máa ń bà á lẹ́nu jẹ́. Ológbò tó ti fi oṣù mẹ́fà jẹ ẹja nìkan, ìyà ńlá ni kí a tó yí i padà.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀: ẹ fi omi lásán se é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ má fi ojú wá egungun rẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi wá a. Mo máa ń mú ẹran ẹja náà díẹ̀díẹ̀ sáàárín àtàǹpàkò àti ìka, mo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà. Egungun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkùn tó tín-ín-rín bí irun, ojú kò lè rí i, ìka ló ń mọ̀ ọ́n. Ní ti orí, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni kí ẹ yọ. Ẹ da ìyókù nù síbi tí kò ti lè hú u jáde.

Ẹja kíká kì í ṣe ohun tí mo máa ń fún un mọ́, torí pé a kò mọ iye iyọ̀ tó wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan mìíràn nílé, ẹ bó awọ rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ da omi náà nù, kí ẹ fún un ní díẹ̀. Sàdíìnì inú agolo náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ ro òróró rẹ̀ dànù, ẹ ṣàn án, kí ó jẹ́ ẹyọ kan lọ́sẹ̀, kó má sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi tòmátì àti ata sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí a ṣe ń gbé e síwájú rẹ̀

Ohun tó bá ti inú fìríìjì jáde kò ní òórùn, ohun tí kò bá sì ní òórùn kì í ṣe oúnjẹ lójú ológbò. Ẹran tí ológbò igbó bá pa, gbígbóná ni ó ń jẹ ẹ́. Ẹ gbé àwo oúnjẹ náà sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ rò ó, kí ẹ kán díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ yín bí ìyá ṣe ń tọ́ ògì ọmọ wò. Kò gbọ́dọ̀ jó yín, kò sì gbọ́dọ̀ tutù. Bí ara ológbò náà fúnra rẹ̀ ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kó rí.

Ẹ fi ṣíbí méjì péré bẹ̀rẹ̀. Àwo tó kún máa ń lé ológbò tó ń bẹ̀rù. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Mo ti jókòó lókèèrè wo Àbẹ̀kẹ́ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀: yóò kọ́kọ́ na ọrùn láìgbé ẹsẹ̀, irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á ṣí síwájú, imú rẹ̀ á máa mì tìtìtì. Yóò fi ahọ́n kan omi ẹran tó wà létí àwo. Yóò dúró. Bó bá lá a lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀.

Bó bá kàn ń gbóòórùn rẹ̀ tó sì ń lọ, ẹ wọ́n edé gígún lé e, ìwọ̀n ohun tí ìka mẹ́ta lè bù, tí kò ní iyọ̀. Ẹ lè gbé àwo kékeré méjì síwájú rẹ̀, adìẹ ní ọ̀kan, ẹyin sísè ní èkejì, kí ó fúnra rẹ̀ mú. Ẹ má kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ológbò tí a fi agídí fún ní oúnjẹ nígbà tí inú ń rìn ín á so oúnjẹ náà mọ́ àìsàn, kò sì ní í fẹnu kàn án mọ́ bí ara rẹ̀ tiẹ̀ yá.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé àwo náà kúrò. Nínú ooru tiwa, ẹran rírọ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́, eṣinṣin náà á ti dé. Ẹ tún gbé tuntun wá lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin.

Omi mímu: ẹ gbé e jìnnà sí oúnjẹ, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Dídá a padà sí oúnjẹ tó pé

Oúnjẹ tí a sè nílé bí èyí dára fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nígbà tí oúnjẹ ológbò tí à ń rà tán lọ́jà, tàbí tí owó kò tíì sí, tàbí tí ẹnu rẹ̀ kò gba nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ kó di oúnjẹ rẹ̀ títí ayé, ẹ bá dókítà ẹranko jókòó. Taurine, fítámì E, áyódíìnì àti àwọn mìíràn wà tí a gbọ́dọ̀ fi kún un ní ìwọ̀n, ìwọ̀n náà kì í ṣe ohun tí a ń fojú bù. Àìtó wọn kì í hàn lóṣù kan. Nígbà tí yóò bá fi hàn, ọkàn tàbí ojú ti ń bàjẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ yí i padà sí oúnjẹ oníkóró, ẹ lo ọjọ́ 7 sí 10. Fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí tuntun jẹ́. Lẹ́yìn náà, ìlàjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ da omi ẹran adìẹ gbígbóná díẹ̀ sórí kóró náà kí òórùn rẹ̀ lè jáde. Níbi tó bá ti kọ̀, ẹ padà sẹ́yìn ọjọ́ kan, ẹ má fi ebi tì í síwájú. Ti Àbẹ̀kẹ́ gbà wá ní ọjọ́ 16, nítorí mo kánjú ní ìdá kejì, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìwọ̀n

Ológbò onírun máa ń tan ojú jẹ. Ó lè ti gbẹ kí a má mọ̀. Ẹ gun òṣùwọ̀n tí ènìyàn ń gùn, kí ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀. Ẹ gbé ológbò mọ́ra, ẹ tún gùn ún, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ohun tó jẹ lọ́sẹ̀ náà. Ológbò kílò 4 tó bá ti di kílò 3.6 ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀. Kó tó dé ibẹ̀ ni kí ẹ ti gbé e lọ rí dókítà, kí ẹ sì mú ìwé náà dání, nítorí ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni ohun tí mo jókòó níwájú dókítà lọ́jọ́ náà tí n kò lè dáhùn tán: kí ló jẹ, ní ọjọ́ wo, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó.